Ẹni Tó Ní Òun Ló To Mọ́tò Pupa

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí tẹ̀ lọ́wọ́, má rò pé ọ̀mùtí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ọ̀mùtí ti gbọ́ tiwọn. Ọkùnrin inú ìtàn yìí kì í mutí, kò jalè rí, kì í lé obìnrin kiri. Ọjọ́ Ìsinmi kan kì í kọjá kó má wọ kóòtù, kó má na ọrùn lórí ìjókòó kejì láti iwájú nílé ìjọsìn. Bí o bá bi í pé ṣé ó ti di àtúnbí, á wò ọ́ bí ẹni tí wọ́n bi pé ṣé ó ti jẹun rí láyé.

Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ẹ̀rọ sórí ìwé, kí àwọn mìíràn tó fi irin ṣe é. Ìlà rẹ̀ kì í wọ́. Àmọ́ ohun kan ń gún un lọ́kàn tí kò sọ fún ẹnì kankan. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, àwòrán ló ń yà. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun kan tó dìde tó sì rìn.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì tán, ó rí mọ́tò kan tí wọ́n fẹ́ tà, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i. Mọ́tò eré sísá ni, pupa, oníjókòó méjì, kò ní òrùlé, ó sì kúrú débi pé ajá tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè wo ojú awakọ̀ tààrà. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kì í ti ilé iṣẹ́ jáde ní odindi. Inú àpótí ni wọ́n máa ń kó ẹ̀yà ara rẹ̀ sí. Ẹni tó bá rà á á wá ẹ́ńjìnnì láti ara mọ́tò mìíràn, á sì tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń ra àpótí náà tí kì í tò ó tán láéláé. Èyí tí wọ́n ti tò tán, tó ń sáré, ni Tíṣà rí.

Ẹni tó tò ó ni dókítà eléyín kan tó ti fẹ̀yìn tì, àgbàlagbà bíi tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni dókítà yìí fi ṣe é. Bó bá ti jáde kúrò lẹ́nu àwọn aláìsàn rẹ̀, abẹ́ mọ́tò ló ń wọ̀. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò sì lè wakọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí Tíṣà wá gbé mọ́tò náà, ọkùnrin yìí rìn yí i ká, ó ń fọwọ́ pa á lára.

"Tíṣà, ẹ gbọ́ mi dáadáa," ló wí. "Gbogbo bóòtù inú mọ́tò yìí, èmi ni mo fọwọ́ mi dì í. Ọ̀kan wà nídìí sítíárìn, níbi tí irin méjì ti pàdé. Bí mọ́tò bá ti ń gbọ̀n lójú ọ̀nà, bóòtù yẹn á máa tú díẹ̀díẹ̀. Ẹ ò sì lè rí i àfi tẹ́ ẹ bá tú pátákó tó wà níbi ẹsẹ̀. Ẹ máa gbé e wá sọ́dọ̀ mi ní ìparí oṣù-oṣù, ká jọ máa wò ó. Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín."

"Ẹ ṣeun, Dókítà. Ìparí oṣù-oṣù ni," ni Tíṣà dá a lóhùn. Lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ ọkàn rẹ̀ ló sọ.

Ìyàwó rẹ̀ kò sí nílé nígbà yẹn. Aránṣọ ni obìnrin náà, ó sì ti tó oṣù mélòó kan tó ti lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin wọn tó bímọ, láti bá a tọ́jú ọmọ. Tíṣà gbé mọ́tò sí ilé mọ́tò tó wà lẹ́yìn ilé, ó fi tapólì bò ó. Ní òwúrọ̀-òwúrọ̀ ló ń lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ inú rẹ̀. Má rẹ́rìn-ín o, ẹ̀kọ́ gidi ni. Ìdí lá kọ́kọ́ fi wọlé, á wá fọwọ́ gbé ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, orúnkún rẹ̀ á máa ráhùn. Bó bá tó àkókò láti jáde, á mú ara le, á ka ení-èjì, á sì tún jókòó padà. Ó gbádùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú kí àgbàlagbà ra mọ́tò tó wù ú, kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́.

Ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ dé ni nǹkan bẹ̀rẹ̀. Tíṣà mú un lọ sẹ́yìn ilé, ó ká tapólì kúrò. Obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Yéè! Dádì! Ta ló ṣe eléyìí?"

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ahọ́n Tíṣà, pé, "Mo rà á lọ́wọ́ dókítà kan ni." Àmọ́ ó rí ojú tí ìyàwó rẹ̀ fi ń wò ó. Ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti wò ó bẹ́ẹ̀.

"Èmi ni," ló sọ. "Láti ìgbà tí o ti lọ. Inú àpótí ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí, mo wá ń tò ó díẹ̀díẹ̀."

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, gbogbo oníbàárà tó wá wọn aṣọ ti gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ gbọ́ lórí fóònù. Àwọn ará ìjọ gbọ́. "Ọkọ mi kì í kàn ya àwòrán o," ni obìnrin náà máa ń wí, á gbójú sókè. "Ọwọ́ tó ya àwòrán yẹn náà ló to mọ́tò." Nílé ìjọsìn, wọ́n ní kí Tíṣà wá bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ nípa ìfaradà lẹ́nu iṣẹ́. Ó sì lọ. Ó gbé iṣẹ́ oníṣẹ́ síwájú wọn, ó fi odindi wákàtí kan sọ bí òun ṣe ń jí, bí òun ṣe ń làágùn, bí òun ò ṣe jẹ́ kó sú òun. Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin yìí kan náà ló dìde lẹ́yìn náà tó gbàdúrà ìparí.

Dókítà eléyín ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sára idẹ kékeré kan, ó sì fi bóòtù dè é mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kí ẹnikẹ́ni tó ṣàkíyèsí rẹ̀, Tíṣà mú sípánà, ó tú idẹ náà kúrò, ó jù ú sínú ìdọ̀tí. Bóòtù kan ṣoṣo tó tíì fọwọ́ kàn lára mọ́tò náà látìgbà tó ti rà á nìyẹn.

Ìparí oṣù dé. Bí Tíṣà bá gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ dókítà, àwọn èèyàn á rí i níbẹ̀, wọ́n á bèèrè ohun tó gbé e lọ, dókítà fúnra rẹ̀ á sì rí i pé idẹ òun kò sí níbẹ̀ mọ́. Kò lọ. Dókítà pè é lórí fóònù, Tíṣà ní ọwọ́ òun dí. Oṣù tó tẹ̀ lé e, dókítà tún pè. Tíṣà wo fóònù náà títí ó fi dákẹ́, kò gbé e. Bó ṣe di pé kò gbé e mọ́ nìyẹn.

Kò pẹ́ tí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún nídìí sítíárìn: kó, kó, kó. Bó bá yí i sọ́tùn-ún, á dún. Bó bá yí i sósì, á tún dún. Tíṣà kì í ṣe òmùgọ̀, ó mọ ohun tó jẹ́. Ó tiẹ̀ wa mọ́tò lọ síbi tí mẹkáníìkì kan ń jókòó sí ní ìkóríta, ó dín eré kù. Mẹkáníìkì yẹn dìde, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá afọwọ́-ara-ẹni-ṣe-mọ́tò! Ṣé kò sí o? Àbí ẹ fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

"Rárá o. Mo ní kí n kàn kí ọ ni," ni Tíṣà wí, ó sì wa mọ́tò rẹ̀ lọ.

Ṣé o rí ohun tí irọ́ ṣe fún un? Gbogbo èèyàn lágbàáyé ló lè gbé mọ́tò tó ń dún lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, àfi òun. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan láti dùbúlẹ̀ kó tú pátákó ibi ẹsẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀ fún un. Ó dìde, ó gbọn eruku nù, ó ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ náà gbọ́ ọ. "Dádì, kí ló ń dún kó-kó yẹn?"

"Ṣé ìwọ lo tò ó ni, àbí èmi?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbẹ́kẹ̀ lé e, ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Òwúrọ̀ kan tí ojú ọjọ́ dára, àwọn méjèèjì gbéra láti lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó. Obìnrin náà so gèlè mọ́rí gírígírí kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e lọ, ó ń fi ọwọ́ kí àwọn tó ń kí wọn lójú ọ̀nà. Níbi kọ́nà kan tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù, ọkùnrin kan tó gun kẹ̀kẹ́ yọ sí wọn lójijì. Tíṣà ti rí i. Ó ti ń yí sítíárìn kí ìyàwó rẹ̀ tó kígbe rárá.

"Dádì, kẹ̀kẹ́!"

Sítíárìn yí lọ́wọ́ rẹ̀ fùkẹ̀. Kò mú nǹkan kan. Àwọn táyà kò gbọ́. Mọ́tò náà fò kọjá lára oníkẹ̀kẹ́ ní ìwọ̀nba díẹ̀, ó sì lọ tààrà wọ inú òkìtì búlọ́ọ̀kù, níhà ibi tí obìnrin náà jókòó sí.

Ohun tó ṣe Tíṣà kò ju pé iwájú orí rẹ̀ bó díẹ̀ lọ. Orúnkún ìyàwó rẹ̀ fọ́ yángáyángá. Àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù sáré wá, wọ́n ń bi í pé kí ló dé, kí ló dé. Kí eruku tó rọlẹ̀, Tíṣà ti mọ ohun tó dé. Kò sọ ọ́.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún obìnrin náà. Nígbà tó la ojú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti dì mọ́ igi tí wọ́n sì fi okùn fà sókè. Ó yí ojú wá ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyí:

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni mo pariwo. Mo já yín láyà, ọwọ́ yín wá yẹ̀. Ẹ wo bí mo ṣe ba iṣẹ́ ọwọ́ yín jẹ́."

Ọ̀rẹ́ mi, gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn fi dá a lóhùn. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Má sunkún mọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀. Mo ti dárí jì ẹ́."

Dúró díẹ̀, kí o tún gbólóhùn yẹn kà. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, bí ẹni rere. Mo ti rí àwọn tó fi ọ̀bẹ gún ara wọn, mi ò sì rò pé ọwọ́ wọn burú ju ọwọ́ pẹ̀lẹ́ yẹn lọ.

Láti ọjọ́ náà, adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Gbogbo àlejò tó wá kí obìnrin náà ló ń sọ fún. Gbogbo nọ́ọ̀sì tó wá wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń sọ fún: "Ẹnu mi ló fà á. Ọkọ mi fi gbogbo agbára rẹ̀ to mọ́tò, èmi ni mo fi ariwo bà á jẹ́." Tíṣà á wà níbẹ̀, á máa wo fèrèsé. Kò lè gbàdúrà mọ́, òun tó jẹ́ pé òun ni wọ́n máa ń pè láti gbàdúrà. Alàgbà kan láti ìjọ gbá a léjìká, ó ní, "Tíṣà, ẹ kú sùúrù o. Ọkùnrin mìíràn ì bá ti fi ohun tí ìyàwó rẹ̀ ṣe yìí pè é lẹ́jọ́." Ojú ti Tíṣà gan-an. Ó sì dáhùn pé, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Ẹnì kan wá jókòó tì í jẹ́jẹ́. Nígbà tó yíjú, dókítà eléyín ni, ó di ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n mọ́ àárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bóòtù yẹn ni, àbí?" ni dókítà bi í.

Tíṣà wo ilẹ̀.

"Mo pè yín títí."

"Mo mọ̀, Dókítà."

"Mo gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ tò ó." Kò fi ṣẹ̀sín. Bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá ló sọ ọ́.

Tíṣà yíjú sí i. "Ẹ dákun, Dókítà. Ẹ má jẹ́ kí ìyàwó mi gbọ́."

Dókítà mí kanlẹ̀. "Mi ò wá gba ògo, Tíṣà. Ẹ gbé e, ẹ máa lọ, kí ni màá fi ṣe? Ohun tó dùn mí ni pé nítorí ẹ ní ẹ̀yin lẹ tò ó, ẹ ò wá lè gbé e padà wá sọ́dọ̀ ẹni tó tò ó. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lóòótọ́, àmọ́ mi ò tíì gbàgbé ibi tí bóòtù yẹn wà. Ẹ ò bá jẹ́ kí n kàn nawọ́ sí i hàn yín."

Ó tún wí pé, "Ẹ sì rò ó wò. Ohun tẹ́ ẹ ń bá Ọlọ́run ṣe náà nìyẹn. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lẹ ń jókòó nílé rẹ̀, tẹ́ ẹ ń fi ara yín hàn án bí ẹni rere tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe. Ẹni tó bá ní òun ló ṣe ara òun, ta ló máa wá bẹ̀ kó tún òun ṣe lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́?"

"Dókítà, ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ yá ná. Bí ara rẹ̀ bá yá, mo máa sọ fún un."

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Gbogbo ọjọ́ ayé mi, eyín ni mo fi wò. Ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe? Ẹni tí kò sùn mọ́jú, tó ń ké bọ̀ láti ilé, tó bá ti rí irin lọ́wọ́ mi, á fọwọ́ bo ẹnu, á ní, 'Dókítà, ẹ jẹ́ ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kò dùn mí mọ́ o.' Eyín náà kò sì gbọ́, ó ń jẹrà lọ ní tirẹ̀. Mi ò rí ẹni tí mo yọ eyín rẹ̀ nígbà tó pa ẹnu dé rí. Ẹ la ẹnu yín, Tíṣà. Jésù kò ní kẹ́ ẹ lọ tún ara yín ṣe kẹ́ ẹ tó wá. Ó ti gbé ẹ̀bi yín lọ sórí igi àgbélébùú, ó sì ti parí ẹ̀. Ẹni tí kò ṣẹ̀ ló ru ú. Ohun tó kù fún yín ni kẹ́ ẹ jẹ́wọ́ pé tiyín ni."

Ó dìde, ó fọwọ́ kan Tíṣà léjìká, ó sì lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan kò bá a lọ. Ẹni tí kò ṣẹ̀ ló ru ú. Tíṣà wo ilẹ̀kùn yàrá tí ìyàwó rẹ̀ wà. Ó mọ ẹni tí kò ṣẹ̀ tó ń ru ẹ̀bi òun níbẹ̀.

Nígbà tó wọlé, obìnrin náà ń fi etí aṣọ nu ojú. Dókítà eegun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́dọ̀ rẹ̀ ni. Ó ti sọ fún un pé orúnkún yẹn á jinná, ṣùgbọ́n kò ní ká mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò ní lè fi ẹsẹ̀ náà tẹ máṣíìnì mọ́, obìnrin tó ti ń ránṣọ láti ìgbà ọmọge rẹ̀.

"Dádì, Ọlọ́run ló ń fi kọ́ mi lọ́gbọ́n," ló wí. "Ẹnu mi ti pọ̀ jù láti kékeré. Ṣé lóòótọ́ lẹ dárí jì mí? Ẹ má kàn máa fi tù mí nínú o. Ẹ sọ òótọ́ fún mi."

Tíṣà di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ó sì kúnlẹ̀.

"Mi ò tò ó," ló wí. "Mọ́tò yẹn. Mo rà á ni. Dókítà eléyín kan ló tò ó. Ó kìlọ̀ fún mi nípa bóòtù kan, ó ní kí n máa gbé e wá kí òun máa wò ó. Mi ò gbé e lọ, torí irọ́ tí mo pa fún ọ. Bóòtù yẹn ló tú. Kí o tó pariwo ni mo ti yí sítíárìn, kò sì gbọ́. Kì í ṣe ẹnu rẹ. Kò sí ohun tí o ṣe. Èmi ni."

Nọ́ọ̀sì kan tó ń tẹ́ aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì kejì rọra jáde.

"Ẹ tún un sọ," ni obìnrin náà wí.

Ó tún un sọ.

"Mo bẹ̀ yín lánàá," ni obìnrin náà wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mo bẹ̀ yín níjẹta. Mo bẹ̀ yín lójú ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ń mi orí. Ẹ ní ẹ ti dárí jì mí." Ó wò ó. "Kí lẹ dárí rẹ̀ jì mí, Dádì? Kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan."

"Ẹ jáde."

Bí mo bá sọ fún ọ pé ó fa ọkọ rẹ̀ mọ́ra lójú ẹsẹ̀, irọ́ ni mo pa, irọ́ sì ti pọ̀ tó nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó yíjú sí ògiri. Tíṣà jáde. Ó rìn dé ibi àtẹ̀gùn tí ẹnikẹ́ni kò sí, ó tún kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa àwọn tó ń nu ilẹ̀. Kò ní kóòtù lọ́rùn. Kò wá ọ̀rọ̀ tó dùn.

"Olúwa, èmi ni," ló wí. "Kì í ṣe bóòtù, kì í ṣe ariwo, èmi ni. Mo ti ń purọ́ fún ọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ju ti mọ́tò lọ. Mi ò lè tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe. Mi ò lè tún ara mi ṣe. Jésù, wọ́n ní o kú fún irú mi. Gbà mí."

Ọjọ́ yẹn, lórí sìmẹ́ǹtì yẹn, ni Jésù gba ọkùnrin tó ti ń jókòó níwájú ìjọ láti ìgbà èwe rẹ̀. Mi ò ní sọ fún ọ pé ìbànújẹ́ rẹ̀ tán. Kò tán. Ó sunkún títí aṣọ rẹ̀ fi tutù. Àmọ́ kò sá mọ́. Ó mọ̀ pé ẹni tó mọ gbogbo rẹ̀ ti gbọ́ òun, kò sì lé òun jáde.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi, ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fún òun láyè, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún ìjọ, títí kan ti àwọn ọ̀dọ́ tó tàn jẹ. Ó dárúkọ ẹni tó to mọ́tò náà gan-an. Àwọn kan mí kanlẹ̀, àwọn kan rẹ́rìn-ín sínú aṣọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tó jókòó tì í. Mẹkáníìkì ìkóríta náà gbọ́, ó sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Tíṣà gba gbogbo rẹ̀ láìjiyàn. Ó lọ sílé dókítà eléyín, ó tọrọ àforíjì nítorí idẹ tó sọ nù. Dókítà ní kó jókòó, wọ́n sì jọ gbàdúrà.

Ní òwúrọ̀-òwúrọ̀ ló ń gbé aṣọ mímọ́ lọ fún ìyàwó rẹ̀. Á gba èyí tó dọ̀tí, á lọ fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Obìnrin náà kì í bá a sọ̀rọ̀. Bí Tíṣà bá kí i, á fi orí dáhùn. Bí Tíṣà bá jókòó tì í, á yíjú sí ògiri. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́. Tíṣà kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó yára dárí ji òun, torí ó ti mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ní kí obìnrin náà máa lọ sílé, Tíṣà ń ká aṣọ rẹ̀ sínú báàgì nígbà tó gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀.

"Dádì."

"Mo wà níbí."

"Ohun tẹ́ ẹ ṣe burú. Ẹ má retí kí n sọ pé kò burú, mi ò ní sọ ọ́ láéláé. Ẹsẹ̀ mi ò ní padà sípò, ojú mi á sì máa rí i lójoojúmọ́." Ó yíjú sí i. "Mo dárí jì yín. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ gbé èjìká yín wá, kí n gbára lé e."

Tíṣà gbé èjìká rẹ̀ wá. Ẹkún tó sun lọ́jọ́ yẹn ju èyí tó sun lórí àtẹ̀gùn lọ.

Ìwọ ńkọ́, ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí? Ó ṣeé ṣe kí o má ní mọ́tò pupa. Àmọ́ ẹnì kan wà tó ń ru ẹ̀bi rẹ, tí o sì ń wo fèrèsé. Ó lè jẹ́ aya rẹ, tàbí ọmọ rẹ, tàbí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Nǹkan kan sì ń dún nínú ayé rẹ tí o ò lè gbé lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, torí o ti sọ fún gbogbo ayé pé kò sí ohun tó ṣe ọ́. Ọlọ́run gbọ́ ọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń pè ọ́.

Má dúró kó o tún ara rẹ ṣe ná. Kò sí ẹ̀yìn kankan tó lè dùbúlẹ̀ tó láti dé ibẹ̀. Má sì retí pé Ọlọ́run á sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ kò burú. Ó burú. Ó burú débi pé ẹ̀jẹ̀ Ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ta sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹni tó mọ bó ṣe burú tó yẹn náà ló ń sọ fún ọ lónìí pé òun ṣe tán láti dárí jì ọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kì í ṣe tìrẹ. Obìnrin tí mo sọ ìtàn rẹ̀ yìí ń fi igi rìn lónìí nítorí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kan. Gbé ìwé yìí sílẹ̀ báyìí. Wá ibi kan tí o ti lè dá wà, kúnlẹ̀, kí o sì sọ fún Jésù pé, "Èmi ni." Lẹ́yìn náà, dìde, lọ bá ẹni tó ń ru ẹ̀bi rẹ, kí o tó jẹun ọ̀sán.